Èsì: "4K" ara páálí yẹn, ó jọ pé píksẹ́lì ojú méjèèjì ni wọ́n kà pọ̀

Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bi mí bóyá awò VR (èyí tí wọ́n ń dè mójú láti wo àwòrán bí ẹni pé èèyàn wà nínú ẹ̀) tẹ́ ẹ rà l'Ọlá-Ìyá ti bàjẹ́, torí lẹ́tà ń ṣe bàìbàì nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ "4K" sára páálí ẹ̀, ìyẹn ni pé àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere. Ó jọ pé kò bàjẹ́. Lẹ́ǹsì ni kò ṣe déédéé ẹyinjú yín.

Ẹ ṣe báyìí:
1. Ẹ dúró níwájú dígí, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn àárín ẹyinjú kan sí èkejì. Tèmi jẹ́ mìlímítà 66.
2. Ẹ sún lẹ́ǹsì títí á fi bá iye yẹn mu. Meta Quest 3, awò VR kan tó gbajúmọ̀, ní ohun tí wọ́n ń yí lábẹ́; ó wà fún ẹni tí iye tiẹ̀ wà láàárín mìlímítà 53 sí 75.

Ìyẹn bí tiyín bá ṣeé sún o. Bí lẹ́ǹsì bá dúró gbagidi, ẹ tètè dá a padà.

Ní ti "4K", ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi tàn yín. Iye píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) ojú kan ni kẹ́ ẹ bi í. Quest 3 yẹn, 2064 sí 2208 ni fún ojú kọ̀ọ̀kan.

Èmi náà ti ra awò VR gbàǹjo rí l'Ókè-Fìà. Páálí ẹ̀ rẹwà, ọkùnrin kan ń fò lójú sánmà lára ẹ̀. Mi ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èébì fi ń gbé mi.