Fíìmù Lórí Ìdóòlà Àwọn Tí Wọ́n Mú Nígbèkùn: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Ṣẹlẹ̀ Lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ fi fíìmù kan han àwọn ọmọ kíláàsì mi, lórí bí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ṣe lọ kó àwọn èèyàn tí wọ́n mú nígbèkùn jáde ní Entebbe, Ùgáńdà, lọ́dún 1976. Mo tún ń ro fíìmù Argo mọ́ ọn, èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe kó àwọn ará Amẹ́ríkà kan jáde ní Tehran, Ìráànù. Àmọ́ ohun tí fíìmù kan sọ nípa Entebbe yàtọ̀ sí ohun tí òmíràn sọ, bẹ́ẹ̀ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni gbogbo wọn pe ara wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣẹlẹ̀, tí mo sì máa mọ èyí tí wọ́n fi ṣe eré lásán? Àbí kí n má wulẹ̀ fi hàn wọ́n rárá?

Ìdáhùn: Ẹ fi hàn wọ́n, olùkọ́. Òpìtàn ni mí. Mo máa ń ka ìwé eré kí wọ́n tó yà á, kí n lè sọ fún olùdarí fíìmù ibi tí ìtàn rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé gbólóhùn tí wọ́n ń kọ síbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé òótọ́ ni ìtàn náà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Kò sí òfin tó sọ pé òótọ́ gbọ́dọ̀ tó báyìí nínú fíìmù kí wọ́n tó lè kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá àṣìṣe nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìbọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní irú ìbọn yìí kò tíì sí láyé ìgbà náà, tàbí pé aṣọ ṣọ́jà kọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kíyẹn jẹ yín lógún jù. Ìbọn tí kò bá ọdún mu kì í yí ìtàn padà. Ohun tó ń yí i padà ni kí wọ́n gba iyì lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n dá ìtàn dúró níbi tó dùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àwọn tó kú lẹ́yìn náà.

Ẹ wo Entebbe. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1976, bàálù Air France tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 139 gbéra ní Tel Aviv, ó ń lọ sí Paris. Ó yà ní Athens, kò sì pẹ́ tó gbéra níbẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin fi já a gbà. Ọmọ Palẹ́sìnì ni méjì nínú wọn, ọmọ Jámánì sì ni méjì yòókù, Wilfried Böse àti Brigitte Kuhlmann. Wọ́n gba Benghazi ní Líbíà lọ sí Entebbe ní Ùgáńdà, níbi tí Idi Amin tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ya àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sọ́tọ̀, wọ́n sì dá èèyàn 148 sílẹ̀ ní ìpele méjì. Michel Bacos tó ń wa bàálù náà àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti fi àwọn èrò wọn sílẹ̀. Èèyàn 106 ló ṣẹ́ kù sínú ilé àtijọ́ tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Entebbe, níbi tí wọ́n kó wọn sí. Lóru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Keje, bàálù Hercules mẹ́rin gbé àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì wá láti ibi tó jìn tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà. Wọn ò lò tó wákàtí méjì nílẹ̀ Ùgáńdà. Nairobi ni wọ́n ti ra epo kí wọ́n tó máa lọ sílé. Èèyàn 102 ni wọ́n gbà sílẹ̀.

Kò sí fíìmù kankan tó fi ìyẹn pamọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yí nǹkan padà ni àkókò. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí gbà, ṣùgbọ́n fíìmù lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá lórí àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, kó wá fi ìdajì wákàtí yìnbọn. Ọmọ tó bá wò ó á rò pé ìbọn nìkan ló gba àwọn èèyàn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ 1 oṣù Keje ni gbèdéke tí àwọn ajínigbé náà kọ́kọ́ fún ìjọba Ísírẹ́lì pé kó dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, kéde pé àwọn ṣe tán láti dúnàá-dúrà, ni wọ́n bá sún gbèdéke sí ọjọ́ 4. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ra ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà ni àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ dé Paris, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí ilé náà ṣe rí nínú, iye àwọn tó ń ṣọ́ ọn, àti ibi tí kálukú ń dúró sí. Láìsí ìyẹn, àwọn ṣọ́jà á kàn wọ inú òkùnkùn lọ ni. Tẹ́ ẹ bá máa dá fíìmù dúró níbì kan kẹ́ ẹ ṣàlàyé, ibẹ̀ ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ti dá a dúró.

Ibi kejì ni ìparí. Èèyàn mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n wá gbà sílẹ̀ ló kú látàrí ìbọn tó dún nínú ilé náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Jean-Jacques Maimoni, ọmọ ọdún 19. Ó dìde dúró nígbà tí àwọn ṣọ́jà wọlé, wọ́n ṣì í mú fún ajínigbé, wọ́n sì yìnbọn fún un. Ìyá àgbà kan lára àwọn tí wọ́n mú, Dora Bloch, ti wà ní ilé ìwòsàn ní Kampala kí àwọn ṣọ́jà tó dé, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n pa á lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Ùgáńdà kú lóru ọjọ́ yẹn. Nítorí pé Kẹ́ńyà gbà kí àwọn bàálù náà ra epo, àwọn ọmọ ogun Amin dojú kọ àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tó ń gbé Ùgáńdà, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan nípa bàálù tí wọ́n já gbà. Bí fíìmù bá parí síbi tí bàálù ti gbéra tí orin sì ń dún, kò parọ́ o, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìtàn náà tán. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí àwọn tí wọ́n yọ kúrò yẹn ló ṣòro jù láti dá padà sínú ìrántí àwọn èèyàn.

Ẹ tún máa wo ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù. Victory at Entebbe jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, Raid on Entebbe tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 1977, Operation Thunderbolt tí Menahem Golan darí sì jáde lọ́dún 1977 kan náà. Nígbà yẹn, wọn ò tíì rí òkú Dora Bloch. Ọdún 1979 ni wọ́n tó rí i, lẹ́yìn tí wọ́n lé Amin kúrò lórí àlééfà. Èèyàn ò lè bínú sí fíìmù ọdún 1976 pé kò sọ ohun tí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Ẹ sì béèrè ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìjọba àti ológun Ísírẹ́lì ran Golan lọ́wọ́ láti ya fíìmù tirẹ̀, ẹni tó bá sì yá ọ ní bàálù àti ṣọ́jà, ó ṣòro kó o tó kọ àṣìṣe rẹ̀ síta. Èyí tó jáde lọ́dún 2018, 7 Days in Entebbe, ti ní àǹfààní ogójì ọdún ìwádìí. Ó sì fún àríyànjiyàn tó wà láàárín Rabin àti Shimon Peres, mínísítà ètò ààbò rẹ̀, láyè dáadáa.

Ẹ ní fíìmù kan yàtọ̀ sí òmíràn. Nígbà mìíràn, àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an ni ẹnu wọn ò kò. Yonatan Netanyahu, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà tó wọ ilé náà, kú lóru ọjọ́ yẹn. Títí dòní, ohun tí ẹbí rẹ̀ ń sọ àti ohun tí Muki Betser, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ lóru náà, ń sọ kò bára mu nípa bí ìbọn àkọ́kọ́ ṣe dún àti bóyá ó yẹ kó dún. Olùdarí fíìmù ò lè ya méjèèjì pọ̀, ó ní láti mú ọ̀kan. Mi ò ka ìyẹn sí irọ́. Tí fíìmù méjì bá takora, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ẹlẹ́rìí ló takora kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹnì kan parọ́.

Ti Argo yàtọ̀. Nínú rẹ̀, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà ni. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1979, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Tehran. Èèyàn mẹ́fà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ará Kánádà sì fi wọ́n pamọ́ títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 1980, nígbà tí Tony Mendez ti CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, wá kó wọn jáde. Wọ́n ṣe bí ẹni tó wá wo ibi tí wọ́n ti máa ya fíìmù. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jọ àlọ́.

Wàyí o, ẹ rántí ibi tí àyà ti já yín jù nínú fíìmù náà: èrò tó fẹ́ lù wọ́n ní ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fagi lé, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń fi ọkọ̀ lé bàálù lórí pápá. Ìkankan nínú wọn ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Kánádà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú. Bàálù Swissair tí wọ́n wọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra nítorí ohun kan tó bà jẹ́ lára rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo bá ń wo fíìmù tuntun, ibi tí àyà mi ti já jù ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti nílò ìrànwọ́ jù.

Àmọ́ eré orí pápá yẹn kì í dùn mí tó ọ̀rọ̀ iyì. Ilé méjì ni àwọn mẹ́fà náà sá pamọ́ sí, ti Ken Taylor tó jẹ́ aṣojú Kánádà, àti ti John Sheardown tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Kánádà níbẹ̀. Fíìmù náà kó gbogbo wọn sí ilé Taylor, ó sì yọ Sheardown kúrò pátápátá. Ó ní àwọn ará Bìrìtìkó àti New Zealand lé wọn dànù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ará New Zealand lára débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn jókòó lé e lórí lọ́dún 2013. Jimmy Carter tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tó ṣẹlẹ̀ sọ lórí CNN pé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà, àwọn ará Kánádà ló ṣe é. Taylor fúnra rẹ̀ ráhùn sí ohun tí wọ́n kọ sí ìparí fíìmù náà, Ben Affleck tó darí rẹ̀ sì yí i padà kó tó di pé fíìmù náà jáde fún gbogbo èèyàn. Kí wọ́n pa èèyàn méjì pọ̀ di ẹnì kan nítorí àyè, mo gbà á. Kí wọ́n sọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún aláìníbi-ìsádi di ẹni tó tì í, èyí ni mi ò lè fara mọ́.

Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìwé tí ẹnì kan kọ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe fíìmù. Ìwé tí ọ̀gákọ̀ Richard Phillips kọ ni wọ́n fi ṣe Captain Phillips, nípa ọkọ̀ ojú omi Maersk Alabama tí àwọn ọlọ́ṣà orí omi kọ lù ní oṣù Kẹrin ọdún 2009. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ò fetí sí ìkìlọ̀ pé kí wọ́n jìnnà sí etíkun Sòmálíà. Yálà ẹ gbà wọ́n gbọ́ àbí ẹ ò gbà, fíìmù ò fún yín láǹfààní láti gbọ́ wọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ wá ìwé àwọn méjì tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí èrè wọn ò papọ̀: ṣọ́jà àti ẹni tí wọ́n mú, tàbí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Ohun tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò lé lórí, ẹ lè gbára lé e. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ dára fún ọjọ́ àti ibi, àmọ́ ẹ má gbára lé e fún iye òkú, torí pé ìròyìn àkọ́kọ́ máa ń ṣì í. Bí àwòrán ìgbà náà bá wà, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù. Nígbà tí àwọn SAS, ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Bìrìtìkó, ya wọ ọ́fíìsì aṣojú Ìráànù ní London lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 láti gba àwọn tí wọ́n mú nígbèkùn níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọmọ kíláàsì lè fúnra rẹ̀ fi aago wo iye ìṣẹ́jú tí fíìmù tí wọ́n bá ṣe nípa rẹ̀ lò.

Fún kíláàsì yín, Argo ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, torí pé ibi tó ti yà kúrò lójú òótọ́ hàn gbangba. Ẹ fi ìran pápákọ̀ òfurufú nìkan hàn wọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fíìmù Entebbe méjì, ti ọdún 1977 kan àti ti 2018, kẹ́ ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú tí wọ́n dá níbẹ̀, kí wọ́n wá fi wé àwọn tí mo kọ sókè yìí. Ìbọn àti òkú wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dá wo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ tó mú un wọ kíláàsì.