Ẹ má tíì ní kí wọ́n ṣa ọ̀rá jọ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní bóyá ẹ̀kọ́ kan náà nípa ìdọ̀tí ike lè bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn SS àti àwọn ìyá tó ń wá kíláàsì alẹ́ mu. Ó lè bá wọn mu, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nìkan ti tó ẹ lò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ọ́fíìsì wá, tó ní kẹ́ ẹ ṣà á jọ, pé ọkọ̀ àwọn máa wá kó o, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ohun tójú wa rí n'Ìbàdàn níbí nìyẹn. Ọ̀gá kan wá, ó bá àwọn ọmọ ya fọ́tò, ó ní ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ ṣa ọ̀rá bí ẹni ń ṣa máńgòrò lẹ́yìn ìjì, ó kún àpò ìrẹsì, ó kún ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹtì dé, Ẹtì lọ. Òjò wá dé. Omi dúró sínú ọ̀rá, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. A pè é, ó ní dírẹ́bà ò sí. A tún pè é, ó ní kò sí epo. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Ìyá ọmọ kan fa apá ọmọ rẹ̀ hàn mí, gbogbo rẹ̀ lé wúruwùru: “Ṣé ìwé ló wá kà ni, àbí ẹ ní kó wá sin ẹ̀fọn?” Kí ni kí n sọ? Ẹni tó ń ra ike kó ìgò nìkan, ó ní òun ò fẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́rẹ̀. Owó àpò wa la fi kó ìyókù dànù. Bàbá ọlọ́dẹ fẹ́ dáná sun ún, mo ní láéláé! Májèlé ni èéfín ike, pàápàá ti páìpù PVC.

Ẹ̀kọ́ náà ò le. Kí àwọn kékeré ri ewé mọ́ínmọ́ín àti ọ̀rá mọ́lẹ̀, kí wọ́n hú u ní táàmù tó ń bọ̀. Ewé á ti jẹrà, wọ́n á ṣì máa ka orúkọ tó wà lára ọ̀rá. Kí àwọn SS wo nọ́ńbà ìdí ike, tó ń sọ irú ike tó jẹ́: 1 ni ti ìgò omi, 2 sábà máa ń wà lára kẹ́ẹ̀gì. Ní ti àwọn ìyá, ẹ bi wọ́n ní Omíyalé 1980, nígbà tí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn kún àkúnya. Píọ̀ wọ́tà ò tíì dé nígbà yẹn, síbẹ̀ ìdọ̀tí ti dí ojú odò. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ki ọwọ́ lásán bọ gọ́tà o, abẹ́rẹ́ oníṣègùn wà níbẹ̀.