Àwòrò kì í ṣe nọ́ọ̀sì: kíláàsì tí mo fẹ́ràn jù nínú Dungeons & Dragons

Àbúrò tó kọ̀wé láti Oǹdó ní àwọn márùn-ún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń fi dáìsì ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn; ọ̀kan yóò jẹ́ DM, ẹni tó ń darí ìtàn tó sì ń ṣe àwọn ọ̀tá, àwọn mẹ́rin tó kù sì ń ti iṣẹ́ cleric, ẹni tó ń fi agbára òrìṣà wo àwọn yòókù sàn, síra wọn lọ́rùn torí gbogbo wọn gbà pé nọ́ọ̀sì lásán ni. Ó wá béèrè kíláàsì, ìyẹn irú iṣẹ́ tí ẹ̀dá rẹ ń ṣe nínú eré, tí èmi fẹ́ràn jù àti ìdí rẹ̀.

Cleric náà gan-an ni. Àwòrò ni mo máa ń pè é, torí ohun tó jẹ́ nìyẹn: ẹni tó dúró níwájú òrìṣà, tí agbára òrìṣà náà ń gba ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọdún 1974 tí eré náà kọ́kọ́ jáde, kíláàsì mẹ́ta péré ló ní: ajagun, onídán àti àwòrò. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ọdẹ, àmọ́ àwòrò ti wà níbẹ̀.

Ìlànà ọdún 2014 ni màá fi ṣàlàyé, torí ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. SRD 5.1, ìwé ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀, ti wà lábẹ́ Creative Commons, àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́, láti oṣù kìíní ọdún 2023, PDF ni, ó sì ń ṣí lórí fóònù.

Àṣìṣe tó ń ba kíláàsì yìí jẹ́ lójú àwọn ènìyàn ni pé wọ́n ń fi ọfọ̀ ìwòsàn lé ọgbẹ́ káàkiri nígbà tí ìjà ṣì ń lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọfọ̀ ìwòsàn Cure Wounds ní slot àkọ́kọ́ (slot ni àyè tí o fi ń pe ọfọ̀, ó sì níye lójúmọ́) ń dá 1d8, ìyẹn dáìsì olójú mẹ́jọ kan, pẹ̀lú modifier Wisdom rẹ padà, iye tí ọgbọ́n rẹ ń fi kún dáìsì. Tí Wisdom rẹ bá jẹ́ 16, modifier rẹ jẹ́ 3, ìpíndọ́gba ohun tí o máa dá padà jẹ́ HP (ìwọ̀n ẹ̀mí) 7.5. Ogre kan, òmìrán abàmì, tó bá gbá ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, 2d8+4 ni, ìpíndọ́gba rẹ̀ 13. O lo gbogbo action rẹ, ohun pàtàkì kan tí o lè ṣe nígbà tó bá kàn ọ́, o lo ọ̀kan nínú slot méjì tí o ní ní ìpele kìíní, o dá méje padà, ogre sì kó mẹ́tàlá lọ. Apẹ̀rẹ̀ lo fi ń pọnmi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní HP 1 ń jà bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ní 30: idà rẹ̀ kò kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ́.

Nítorí náà, Healing Word ni kí o fi pamọ́ fún ẹni tó bá ṣubú. Bonus action, ohun kékeré tí o lè ṣe kún action, ni, o lè pè é sí ẹni tó wà ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, 1d4+3 ló ń dá padà. Ẹni náà yóò dìde nígbà tó bá kan òun, ìdajì ìrìn rẹ̀ ló máa fi dìde nílẹ̀, á sì tún kọlu ọ̀tá. Ìgbà tí o bá pè é ṣe pàtàkì ju iye tó dá padà lọ. Wo ètò initiative, ìyẹn ta ló ń ṣe tẹ̀ lé ta: tó bá jẹ́ pé ọ̀tá ló máa ṣe lẹ́yìn rẹ kí ó tó kan ẹni tó ṣubú, ọ̀tá lè tún dá a dùbúlẹ̀ kó tó lo ẹyọ action kan. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀tá dúró tì í, má fi í sílẹ̀ ní 0 pẹ́ rárá. Gbogbo ìkọlù tó bá ba ẹni tí kò mọ nǹkan mọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i, critical ni (dáìsì ọgbẹ́ di ìlọ́po méjì), ó sì ka méjì tó kùnà nínú death save, dáìsì tí ẹni tó wà ní 0 ń jù kó má baà kú. Mẹ́ta ló ń pa ènìyàn.

Ibì kan wà tí òfin "dúró kó ṣubú" yìí kò ti ṣiṣẹ́: wizard (onídán) ìpele kìíní tí gbogbo HP rẹ̀ jẹ́ 7. Tó bá ku 1, tí ogre gbá a ní 13, méjìlá ṣẹ́kù lẹ́yìn tó dé 0. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ti tó gbogbo HP ẹni náà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kú lójú ẹsẹ̀ ni, kò sí death save. Wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ sàn kí ogre tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọfọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ nínú ìjà gidi ni Bless. Ènìyàn mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan, ìyẹn round mẹ́wàá, 1d4 lórí gbogbo dáìsì ìkọlù àti saving throw (dáìsì tí a fi ń yẹ ewu) wọn. Ìpíndọ́gba 1d4 jẹ́ 2.5, èyí sì jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí d20, dáìsì olójú ogún tí a fi ń kọlu ọ̀tá. Tí àwọn mẹ́ta náà bá kọlu ọ̀tá ní ìgbà márùn-ún márùn-ún, ìkọlù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, bíi méjì nínú àwọn tí ì bá tàsé ni yóò bà á. Idà ajagun tó jẹ́ 1d8+3, lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ 15. Slot kan náà tí Cure Wounds fi ń dá méje padà ló ń gé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò lára ọ̀tá, ọ̀tá tó bá sì tètè kú kò lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe mọ́. Ìwòsàn tí mo mọ̀ tó dára jù nìyẹn.

Fi ara rẹ kún àwọn mẹ́ta náà. Bless ń béèrè concentration: ọ̀kan ṣoṣo nínú irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ lo lè di mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá gbá ọ, o máa ju Constitution (agbára ara) save, DC rẹ̀, iye tí o gbọ́dọ̀ dé, jẹ́ 10 tàbí ìdajì ohun tó bà ọ́, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Pẹ̀lú Constitution 16 àti DC 10, àǹfààní rẹ láti di ọfọ̀ náà mú jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí Bless bá wà lára ìwọ náà, ó di 82.5. Ṣọ́ra fún Guidance. Ọfọ̀ kékeré tí kò gba slot ni, àwọn ènìyàn ń pè é láìronú, àmọ́ concentration lòun náà ń lò. Bí o bá ti pè é báyìí, Bless ti já.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà wà, ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ lórí tábìlì ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ kan di asà, èkejì di kùmọ̀ irin. Àmì òrìṣà rẹ lè wà lójú asà. Bless ní ohun èlò nínú, nítorí náà ọwọ́ tó di asà náà tó. Healing Word, ẹnu nìkan ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Cure Wounds àti Sacred Flame, ọfọ̀ kékeré fún ìkọlù, ń fẹ́ ìfọwọ́ṣe láìsí ohun èlò kankan, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n sì ń fẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí kùmọ̀ wà nígbàdí, kí o di asà mú, kí ọwọ́ kejì ṣófo. O lè fa kùmọ̀ yọ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá kàn ọ́. Rántí pẹ̀lú pé bí o bá ti pe ọfọ̀ bonus action bíi Healing Word, ọfọ̀ kékeré nìkan lo tún lè pè nígbà náà, tàbí kí o fi kùmọ̀ gbá ọ̀tá. Healing Word àti Bless kò lè jáde pa pọ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sórí ìwé fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: hill dwarf (ẹ̀yà aràrá orí òkè), domain Life (domain ni ẹ̀ka agbára tí òrìṣà rẹ ń fún ọ, Life sì ni ti ìyè). Láti inú 15, 14, 13, 12, 10, 8, fi 15 sí Wisdom kó di 16, 14 sí Constitution kó di 16, torí ẹ̀yà náà ń fi kún wọn, 13 sí Strength, 12 sí Charisma, 10 sí Dexterity, 8 sí Intelligence. HP rẹ jẹ́ 12: mẹ́jọ ti kíláàsì, mẹ́ta ti Constitution, ọ̀kan tí hill dwarf ń fún ọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Life fún ọ láyè láti wọ ẹ̀wù irin wíwúwo, nítorí náà mú chain mail, AC (iye tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó bà ọ́) 16, pẹ̀lú asà 2, ó di 18. Ẹ̀wù náà ń dún, disadvantage (dáìsì méjì, kí o mú èyí tó kéré) lo máa fi ju Stealth, dáìsì ìyọ́rìn, má ṣe tẹ̀ lé rogue (olè) lọ yọ́ wọlé. Ọfọ̀ mẹ́rin lo lè pèsè, Wisdom 3 àti ìpele 1. Bless àti Cure Wounds ti wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọwọ́ Life, má tún fi wọ́n kún mẹ́rin náà. Mú Healing Word, Guiding Bolt, Shield of Faith àti Detect Magic. Guiding Bolt jẹ́ 4d6, ó sì ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọlu ọ̀tá náà lẹ́yìn rẹ ní advantage (dáìsì méjì, kó mú èyí tó pọ̀). Bó bá jẹ́ rogue ló kàn, Sneak Attack rẹ̀, ìkọlù àbòsí tó ń fi ọgbẹ́ kún un, ti dé nìyẹn. Life tún ń fi 3 kún ìwòsàn tó jáde láti slot kìíní, Cure Wounds rẹ wá di 10.5. Kò tíì tó 13.

Ní ìpele kejì, Turn Undead dé. Òkú tó ń rìn ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, tó bá kùnà Wisdom save, yóò sá fún ọ fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ta ọfà bá èyí tó ń sá: bó bá ti fara gba ọgbẹ́ kan, ẹ̀rù náà ti kúrò. Ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn tó dúró nìkan lẹ máa kọlù. Ìpele kẹta, Spiritual Weapon, 1d8+3 pẹ̀lú bonus action, kò gba concentration. Ìpele karùn-ún ni Spirit Guardians, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì yóò ti dákẹ́: 3d8 sí gbogbo ọ̀tá tó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ọ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í gbá wọn lójú ẹsẹ̀ tí o pè é o. Ìgbà tí wọ́n bá wọ inú rẹ̀ tàbí tí ìgbà tiwọn bá bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Rìn lọ sáàárín wọn. Ìdí tí AC 18 fi wà nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé: yíyan òrìṣà. SRD ní Life nìkan, ìwé àwọn òṣèré ti 2014 ní méje, àwa sì ní òrìṣà tó bá wọn mu láìfipá. Life bá Ọbàtálá lọ. Kọ èèwọ̀ rẹ̀ sórí ìwé: aṣọ àlà, kò gbọdọ̀ mu ẹmu. DM tó bá mọṣẹ́ yóò gbé igbá ẹmu síwájú rẹ ní ààfin ọba tí kò ṣeé kọ̀ fún. Tempest (ìjì), ti Ṣàngó ni. Ẹ̀wù wíwúwo àti ohun ìjà ogun wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbá ọ láti ẹsẹ̀ bàtà 5, o lè fi reaction, ìdáhùn ojú ẹsẹ̀, sọ 2d8 àrá padà fún un, iye ìgbà tó tó modifier Wisdom rẹ lójúmọ́. Láti ìpele kejì, Channel Divinity, agbára òrìṣà tí o ń pè tààrà, lè sọ dáìsì àrá di èyí tó ga jù láìjù ú: ọfọ̀ àrá Thunderwave tó jẹ́ 2d8 di 16 gbọnrangandan. Battleaxe ni kó jẹ́ oṣé rẹ, 1d8, agbára kan náà pẹ̀lú warhammer (òòlù ogun), àmọ́ bí DM bá fẹ́ràn egungun tó ń rìn, mú warhammer, torí egungun ń gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ohun tó ń lù, kì í ṣe lọ́wọ́ ohun tó ń gé. Orógbó ni kó wà nínú àpò rẹ, kì í ṣe obì. Ògún, tí ẹ̀yin ará Oǹdó ń bọ, bá domain Forge (àgbẹ̀dẹ) mu ju War (ogun) lọ. Forge wà nínú ìwé àfikún ti 2017. Lẹ́yìn oorun gígùn, o lè fi 1 kún ẹ̀wù irin kan, AC rẹ di 19 ní ìpele kìíní. Ọ̀rúnmìlà, Knowledge (ìmọ̀). Mi ò gbà kí wọ́n sáré fi Èṣù sí Trickery kí wọ́n wá sọ ọ́ di ẹlẹ́tàn lásán. Ẹni tó ń gbé ẹbọ lọ ni, ẹni tó ń ṣọ́ oríta. Bí DM bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá a lọ.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ra ìwé 2024, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Níbẹ̀, Cure Wounds ti di 2d8, Healing Word ti di 2d4, Spiritual Weapon ti ń gba concentration, ìpele kẹta ni wọ́n sì ń yan domain. Ìṣirò ìwòsàn tí mo ṣe lókè ti yí padà.

Àwọn mẹ́ta tó kù, fighter, rogue àti wizard tó fún yín. Ẹ lọ tẹ ìwé àkọsílẹ̀ jáde ní business centre, kí iná fóònù má baà kú láàárín ìjà. Dáìsì náà kò gbọdọ̀ dá yín dúró. Lúdò tó wà nílé tó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè dúró fún ènìyàn àti ọ̀tá, kí ojú kọ̀ọ̀kan lórí ìwé onílà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. D4: ju ọ̀kan, bó bá jẹ́ 5 tàbí 6, tún un jù. D8: ju d4 yẹn, kí o sì ju ìkejì, tí ìkejì bá jẹ́ 4, 5 tàbí 6, fi 4 kún un. D20 gba ìjù mẹ́ta tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ ń fún ọ ní 1 sí 5, bó bá jẹ́ 6 tún un jù. Tí ìkejì bá jẹ́ 2, 4 tàbí 6, fi 5 kún un. Tí ìkẹta bá jẹ́ 2, 4 tàbí 6, fi 10 kún un. Márùn-ún lọ́nà méjì lọ́nà méjì, ogún nìyẹn, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 20 sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà jáde.