Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ kò tètè gbà pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ń rìn?

Nítorí pé Alfred Wegener, ará Jámánì tó gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1912, kò rí àlàyé gidi ṣe nípa agbára tó ń tì wọ́n. Ẹ̀rí rẹ̀ kò kéré rárá: etí òkun Bràsíl bá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu bí àwo tó là sí méjì, títí kan etí òkun tiwa níbí. Egungun Mesosaurus, ẹranko afàyàfà inú omi kan, wà nínú òkúta Bràsíl àti ti gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ kò lè wẹ òkun ńlá já. Ṣùgbọ́n Harold Jeffreys, onímọ̀ nípa ayé ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn pé agbára tí Wegener dárúkọ kéré jù. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wá da ẹ̀rí nù mọ́ àlàyé. Wegener kú sí Greenland ní 1930. Ìgbà tí Vine àti Matthews, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ìlà òòfà ìsàlẹ̀ òkun (àwọn ìlà òkúta tó pa ipa òòfà ayé mọ́ láti ìgbà tí wọ́n dì) ní 1963 ló túbọ̀ hàn pé ilẹ̀ tuntun ń yọ láàárín òkun, tó ń sún ilẹ̀ ọ̀tún àti tòsì jìnnà síra. Kí 1970 tó dé, ọ̀pọ̀ jù lọ ti gbà.