Ẹ Bi Mí, Màá Sọ: Àga Tí Aṣòfin Fi Sílẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fi ipò sílẹ̀ nígbà ìdìbò ọdún 2024.

Ìyá Ìbejì, Peckham, kọ̀wé pé:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Peckham, Harriet Harman nìkan ni mo mọ̀ ní aṣòfin wa. Lọ́dún 2024, wọ́n ní kò dupò mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi ìbò lé e kúrò. Mo tún gbọ́ pé àwọn tó ṣe bíi tirẹ̀ lọ́dún náà pọ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń sá lọ? Ta ló sì ń yan ẹni tó máa bọ́ sípò wọn? Èmi ò rántí pé ẹnikẹ́ni bi mí o.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dì mú. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò bi yín. Wọ́n béèrè, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ ìdìbò. Oṣù Kejìlá 2021 ni Harman ti kéde pé òun ò ní í dupò mọ́. Kí ọdún 2022 tó parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Labour àdúgbò ti jókòó, wọ́n ti yan Miatta Fahnbulleh, ọmọ tí wọ́n bí ní Liberia. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2024 ni ẹ̀yin tó lọ fi pẹ́ńsùlù fa X sójú ìwé ìdìbò. Níbi tí Labour ti fìdí múlẹ̀ bíi Peckham, ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti fà kalẹ̀ ti wọlé tán, ọjọ́ ìdìbò ló kù kó pé.

Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé yíyàn bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ní ẹkùn mìíràn. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni. Òtútù mú débi pé kò sẹ́ni tó bọ́ kóòtù. Olùdíje mẹ́rin ló sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, obìnrin kan sì jókòó níwájú pẹ̀lú aago, tí àkókò bá ti pé, á na káàdì pupa sókè. Lẹ́yìn náà la kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ wọn, a sì sọ ọ́ sínú àpótí. Mo ka orí: gbogbo wa ò pé àádọ́rùn-ún. Ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, èmi, ọkọ mi, àti bàbá kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí a jáde, à ń gbọ́ orin ìyìn láti ilé ìjọsìn àwọn èèyàn wa ní òpópónà kejì, ọkọ̀ sì ti kún ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì. Àwọn tó wà nínú ìsìn yẹn á tó ìlọ́po mẹ́rin wa. Àárín àwa tí a ò pé àádọ́rùn-ún yẹn ni wọ́n ti mú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní Westminster, Ilé Aṣòfin, lórúkọ gbogbo wọn. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti pé wọ́n ń sá, àwọn kan sá lóòótọ́. Aṣòfin 132 nínú 650 ni kò dupò padà, 75 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Conservative. Láti ìgbà tí ogun Hitler ti parí, ọdún 2010 nìkan ló ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí 149 kúrò lẹ́yìn tí àṣírí owó ìnáwó wọn tú. Ní 2024, ẹgbẹ́ Conservative ti mọ̀ pé ojú ọjọ́ ò dára. Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, kéde ìdìbò nínú òjò níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún. Nígbà tó máa di ọjọ́ 24 oṣù náà, Michael Gove tó jẹ́ mínísítà náà ti kọ̀wé pé òun ń lọ. Àwọn tí wọ́n kúrò ní ìdágìrì bẹ́ẹ̀ kò fi àyè ìpàdé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Níbi púpọ̀, olú ilé ẹgbẹ́ ló kàn mú orúkọ wá.

Àmọ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù ìbò ló lé gbogbo wọn. Wọ́n pa aṣòfin Jo Cox ní 2016, wọ́n pa aṣòfin David Amess ní 2021, àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń lọ pàdé ará àdúgbò wọn. Mike Freer tó ń ṣojú Finchley sọ pé ìhàlẹ̀ mọ́ ẹ̀mí òun ló jẹ́ kóun kúrò, wọ́n sì ti dáná sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mhairi Black láti Scotland wọlé lẹ́ni ogún ọdún ní 2015. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ti Harman tiwa yàtọ̀. Oṣù Kẹwàá 1982 ló kọ́kọ́ wọlé, nínú oyún ló sì wà nígbà tó ń kiri ìbò. Ó ti lé lógójì ọdún. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sinmi.

Ohun kan tún wà tí ẹgbẹ́ ò fẹ́ràn láti sọ. Ojú tí ará ìlú mọ̀ máa ń gbé ìbò tirẹ̀ dání. Theresa May, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, ti ń ṣojú Maidenhead láti 1997; bó ṣe kúrò báyìí ni ẹgbẹ́ Liberal Democrat gbà á. Wọ́n gba Surrey Heath tí Gove fi sílẹ̀ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester, kọ̀wé pé:

Ẹ káàsán mà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ dupò aṣòfin. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó lọ kojú MP àdúgbò wọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àwọn èèyàn. Èmi ò fẹ́ kó ná owó ọmọ ẹ̀ dànù. Èmi fúnra mi, físà iṣẹ́ ni mo wà lórí rẹ̀, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo tiẹ̀ lè dìbò fún un?

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tó o béèrè kó tó náwó. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó má lọ bá ẹni tó jókòó wọ̀yá ìjà. Kó wá ibi tí ẹni tó jókòó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ wo Kemi Badenoch, aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣèlú rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni mo ní kẹ́ ẹ wò. Ní 2010, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Adegoke, ó lọ kojú Tessa Jowell, aṣòfin tó jókòó ní Dulwich and West Norwood. Ipò kẹta ló ṣe. Ní 2017, Alan Haselhurst tó ti ń ṣojú Saffron Walden láti 1977 ní òun ń lọ sinmi. Ẹgbẹ́ fà Kemi kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ìbò tó ju 24,000 lọ ta ẹnikejì rẹ̀ yọ. Obìnrin yìí kan náà ni o. Nínú ìdìbò 2017 yẹn náà ni Bim Afolami, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ipò Peter Lilley ní Hitchin and Harpenden, torí Lilley ti ń lọ.

Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 2010. Chuka Umunna bọ́ sí àga Keith Hill ní Streatham, Helen Grant sí ti Ann Widdecombe ní Maidstone, Chi Onwurah sí ti Jim Cousins ní Newcastle. Ní 2019, Florence Eshalomi gba Vauxhall lẹ́yìn Kate Hoey, Taiwo Owatemi sì gba Coventry North West tí Geoffrey Robinson ti wà láti 1976. Ìbò 208 péré ni Taiwo fi wọlé, ìwọ wo bí ọ̀nà náà ti há tó, àní pẹ̀lú àga tó ṣófo. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá tàbí ìyá gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní láti fi ìbò lé aṣòfin tó jókòó kúrò. Fiona Onasanya ló ṣe èyí, ní Peterborough ní 2017, ìbò 607 ló fi borí.

Nílé náà, ibi tí àga bá ti ṣófo lọ̀nà máa ń là. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà ti ń ṣojú Surulere láti 2003. Ìgbà tí Ààrẹ yàn án ṣe olórí òṣìṣẹ́ (Chief of Staff) ní 2023 ni ipò yẹn tó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ní láti ṣe ìdìbò mìíràn ní oṣù Kejì 2024.

Ní ti ìwọ fúnra rẹ: bẹ́ẹ̀ ni, o lè dìbò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni ọ́. Tó o bá ń gbé níbí lọ́nà tó bófin mu, tó o sì forúkọ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ ni láti dìbò yan aṣòfin. Mo ń pàdé àwọn nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún mẹ́rin níbí tí wọn ò mọ èyí! Láti 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì tó ní fọ́tò, wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Láti dupò lo ò tíì lè ṣe pẹ̀lú físà tó ní ọjọ́ ìparí. Àfi kó o kọ́kọ́ ní àṣẹ ìgbé-títí-láé. Ẹ̀gbọ́n rẹ, bó bá ti ní tirẹ̀, máa nílò èèyàn mẹ́wàá tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ àti £500, tí wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé bí kò bá ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Àmọ́ kó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ná, kó máa lọ sípàdé, kó jẹ́ kí wọ́n mọ ojú òun kí àga kankan tó ṣófo.

Ẹnì kan tí kò fẹ́ dárúkọ, Camberwell, kọ̀wé pé:

Ọ̀rọ̀ ògiri yàrá mi tó ń hu olú ni MP àtijọ́ ń bá mi kọ̀wé lé lórí. Ó ti lọ. Ṣé màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti tú Ilé Aṣòfin ká, ìyẹn ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún ní 2024, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ MP mọ́. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ yín kì í bá àga lọ fún ẹni tó ń bọ̀. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀, ó sì yẹ kó gba àṣẹ lọ́wọ́ yín kó tó fà á fún ẹlòmíràn. Irú lẹ́tà àṣẹ bẹ́ẹ̀ wá sílé mi rí. Mo rò pé ìwé ìpolongo ìbò ni, mo fi í sábẹ́ àpò gàrí. Nígbà tí mo máa rí i, ọ́fíìsì náà ti tì, àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà wọn ti kún. Oṣù méje ni mo fi tún ọ̀rọ̀ kan náà tò.

Nítorí náà, ẹ máa retí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti pín ẹkùn yín: apá kan Camberwell ti bọ́ sí Vauxhall and Camberwell Green, Florence Eshalomi tí mo dárúkọ lókè ló sì ń ṣojú ibẹ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì yín pẹ̀lú póòsítì kóòdù sókè lẹ́tà pátápátá, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò bóyá ẹkùn wọn lẹ wà. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, àti fọ́tò ògiri náà, kí ẹ gbé rúlà tì í kí wọ́n lè rí bí olú ọ̀hún ti tóbi tó.