Èsì: Ṣé kí n ṣì dá owó àjọ tí mo ná padà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá jẹ́wọ́ tọkàntọkàn, Ọlọ́run á dárí jì yín, 1 Jòhánù 1:9 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àjọ tí ẹ ná, ti ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ṣì wà lọ́rùn yín. Sákéù, agbowó orí inú Bíbélì, ò fẹnu lásán ronú pìwà dà: ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun máa san (Lúùkù 19:8).

Tí ò bá sówó lọ́wọ́, ẹ lọ bá a lójúkojú, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ojú á tì yín, mo mọ̀.

Tó bá ti kú ńkọ́? Ẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àfi tí kò bá ní ẹbí kankan ni Númérì 5:8 fi ní kí owó náà lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Ẹ má sáré jù ú sápò ọrẹ o.