Wúrà ló sọ ife yẹn di pupa

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé wúrà wà nínú ife pupa tí wọ́n ń lò láàfin Jámánì láyé àtijọ́. Òótọ́ ni. Johann Kunckel, oníṣẹ́ gíláàsì kan, ló mọ iṣẹ́ fífi wúrà sọ gíláàsì di pupa dunjú. Friedrich Wilhelm, aláṣẹ ilẹ̀ Brandenburg ní Jámánì, ló gbà á síṣẹ́ ní ìlú Potsdam, ó sì fún un ní erékùṣù Pfaueninsel lọ́dún 1685 kó lè máa dáná iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó wù mí jù ni bí àwọ̀ náà ṣe ń jáde. Wọ́n á fi ásíìdì yọ́ wúrà díẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ èlò gíláàsì, ó di inú iná ìléru. Tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ ò ní rí pupa kankan lára rẹ̀! Àfi tí wọ́n bá tún dá a padà síná díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò wá pupa fòò. Tí iná bá ṣì í, á pọ́n rúsúrúsú, wúrà ti ṣòfò nìyẹn.

Friedrich Wilhelm kú lọ́dún 1688, iná sì jó ilé iṣẹ́ erékùṣù náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó máa ń dùn mí. Kunckel bá gba Sweden lọ, ó lọ sin ọba Charles XI.